Ọjọ́ kan péré lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 11 lójú òkun: báwo lẹ ṣe ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí ìdákọ̀ró?

AtukọTuntun:
Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn àwọn tó ti ṣe é rí ni mò ń wá. Láti ọjọ́ 11 sẹ́yìn la ti wà lójú òkun, ọkọ̀ onígbòkun kékeré la fi ń rìn, èmi, ìyàwó mi, àbúrò mi ọkùnrin àti ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 9. Lọ́la, tí afẹ́fẹ́ bá gbà fún wa, a fẹ́ ya ibì kan tí ilẹ̀ ti tẹ̀ wọnú bí àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n ká kò, ibẹ̀ dákẹ́, kò sí èbúté, kò sí ibi táa lè so ọkọ̀ mọ́, ìdákọ̀ró la máa jù, ká wá fi ọkọ̀ rọ́bà wọ etíkun. Ọjọ́ kan ṣoṣo la ní níbẹ̀. Ọmọ mi ti ń ka wákàtí, ó ní òun kàn fẹ́ sáré lórí ilẹ̀ tí kì í mì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé a ò tíì fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wa jọ sọ̀ kalẹ̀ rí. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe, kí la máa gbé dání, ìgbà wo ló yẹ ká padà?

ÌyáÌgbòkun:
Ẹ kú ewu òkun o, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìdákọ̀ró torí tí ìyẹn ò bá dáa, ẹ máa jókòó sórí iyanrìn lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ojú yín ò ní kúrò lára ọkọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì ni pé wọ́n á wo bí omi ṣe jìn lórí ẹ̀rọ, á ní mítà 4, wọ́n á wá fi 4 yẹn ṣírò gígùn ṣéènì tó so ìdákọ̀ró mọ́ ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi gíga imú ọkọ̀ kún un, ìyẹn láti ojú omi dé ibi tí ṣéènì ti ń jáde, ẹ tún fi iye tí omi ṣì máa kún sókè kún un. Ká ní omi jẹ́ mítà 4, imú ọkọ̀ fi mítà 1 ga ju omi lọ, omi sì ṣì máa gòkè ní mítà 2, mítà 7 nìyẹn. Ìlọ́po 5 ẹ̀ ni mo máa ń tú tó bá jẹ́ ṣéènì látòkè délẹ̀, mítà 35. Tó bá jẹ́ okùn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìlọ́po 7, mítà 49. Ìdákọ̀ró ò fi wíwúwo nìkan di ilẹ̀ mú, bí ọkọ̀ ṣe ń fà á ní gbalaja ló ń jẹ́ kó rì wọlẹ̀, tí okùn bá kúrú ńṣe ni ọkọ̀ á máa fà á sókè títí á fi tú.

Tí omi ibẹ̀ bá mọ́, ẹ máa rí àwọ̀ ìsàlẹ̀. Ibi tó funfun, iyanrìn ni. Ibi tó dúdú, koríko inú òkun ni tàbí òkúta. Orí iyanrìn ni kẹ́ ẹ jù ú sí, koríko kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa, ẹ ó sì tún hú ibi tí àwọn ẹja kéékèèké ń sá sí. Tẹ́ ẹ bá ti jù ú tán, ẹ má tíì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi rìfáàsì fà á jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan gbọ́wọ́ lé ṣéènì níwájú. Tó bá ń gbọ̀n rìrì, ó ń wọ́ nílẹ̀ nìyẹn, ẹ fà á sókè kẹ́ ẹ tún un jù. Tó bá le gan-an tí kò gbọ̀n, ó ti mú. Ẹ wá wo nǹkan méjì lórí ilẹ̀ tó tò sórí ìlà kan náà, igi kan níwájú àti òkúta tàbí orí òkè kan lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ wá òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ̀ á máa yí lórí ìdákọ̀ró bí afẹ́fẹ́ bá ti yí, ìyẹn ò burú, ìgbà tí igi yẹn bá kúrò níwájú òkè yẹn tí kò sì padà mọ́ ni kẹ́ ẹ dìde.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ wọlé nírọ̀lẹ́ òní dípò àárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ sùn mọ́jú lórí ẹ̀. Ìdákọ̀ró tó bá gbé yín dé àárọ̀, ẹ ti mọ ìwà ẹ̀ díẹ̀.

OmiNFà:
Màmá ti sọ̀rọ̀ lórí ìdákọ̀ró, omi kíkún àti omi fífà ni tèmi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú un ní dandan torí ó ti ṣe mí rí. A fa ọkọ̀ rọ́bà wa gun iyanrìn, mo rò pé a ti fà á jìnnà, a rìn wọnú igbó lọ wo odò kan, nígbà táa máa fi padà ó ti ń léfòó, okùn ẹ̀ ń wọ́ nínú omi lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wọ omi dé àyà kó tó dì í mú. Ká ní a pẹ́ sí i bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lílúwẹ̀ẹ́ la ò bá fi padà sínú ọkọ̀ ńlá.

Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ojúmọ́ kan, láti ìgbà tó bá kún tán dé ìgbà tó bá fà tán á tó wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú díẹ̀, lọ́jọ́ kejì gbogbo ẹ̀ á tún fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í yá bákan náà ní gbogbo wákàtí. Tẹ́ ẹ bá pín gbogbo ẹ̀ sọ́nà 12, wákàtí àkọ́kọ́ á gbé ìpín 1, ìkejì 2, ìkẹta 3, ìkẹrin 3, ìkarùn-ún 2, ìkẹfà 1. Ìyẹn ni pé tí omi ibẹ̀ bá ń gòkè ní mítà 3 lápapọ̀, mítà 1 àbọ̀ nínú ẹ̀ máa wọlé láàárín wákàtí méjì péré ní àárín. Lórí etíkun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹn máa gba ilẹ̀ púpọ̀ kẹ́ ẹ tó fojú kúrò. Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá yọ rogodo, ó tún máa pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ wo òṣùpá yín lálẹ́ òní.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò le. Lórí gbogbo etíkun lẹ máa rí ìlà kan tí koríko òkun, igi gbígbẹ àti pàǹtí tò sí. Ibẹ̀ ni omi dé gbẹ̀yìn. Ẹ fa ọkọ̀ kọjá ìlà yẹn, kẹ́ ẹ tún wá so okùn ẹ̀ mọ́ igi tàbí kẹ́ ẹ ri ìdákọ̀ró kékeré wọnú iyanrìn. Tó bá sì jẹ́ pé omi ń fà lẹ fi gúnlẹ̀, ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ máa gbé e padà dé ibi tí omi sá lọ, tòun ti ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Bá a ṣe gbé tiwa nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn mi ò gbàgbé.

AtukọTuntun:
Ẹ ṣé gan-an o, màmá, ẹ̀yin náà ẹ ṣé, OmiNFà. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni kí ẹnì kan dúró ti ọkọ̀? Àbúrò mi ní òun á dúró ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń wu òun náà láti sọ̀ kalẹ̀. Mo sì ní ápù kan lórí fóònù tó máa ń ké tí ọkọ̀ bá ti kúrò lójú kan.

DúróTỌkọ̀:
Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró. Mi ò ní fọ̀rọ̀ pamọ́. Ilé yín ni, oúnjẹ yín, ìwé ìrìnnà yín, omi mímu yín, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ò sì lẹ́ni tẹ́ ẹ máa ké sí. Àwa máa ń pín in sí méjì ni, àwọn kan lọ láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè tan ẹ́ńjìnnì tó sì lè dá fa ìdákọ̀ró. Tí kò bá lè ṣe méjèèjì yẹn, kò dúró ti nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, ẹ rò ó wò. Tẹ́ ẹ bá fi fóònù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, á ké, ta ló máa gbọ́? Tẹ́ ẹ bá gbé e dání, bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sétíkun ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ké torí ẹ̀yin gan-an lẹ kúrò lójú kan. Ohun alẹ́ ni, fún ìgbà tẹ́ ẹ bá sùn nínú ọkọ̀. Lọ́sàn-án, ojú lẹ máa fi ṣọ́ ọ.

ÌyáÌgbòkun:
Bọ̀ọ̀dá DúróTỌkọ̀, mo gbà pẹ̀lú yín lórí fóònù o, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé dandan ni lọ́jọ́ gbogbo. Tí ìdákọ̀ró bá ti mú mọ́jú, tí ojú ọjọ́ wákàtí 24 tó ń bọ̀ ò ní ìyàtọ̀, tí ẹ sì wà níbi tẹ́ ẹ ti lè rí ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá yíjú, gbogbo ìdílé lè jọ lọ. Ibi tí mi ò ti ní gbà ni pé kí gbogbo yín rìn lọ sẹ́yìn òkè níbi tẹ́ ò ti rí i. Àbá tèmi: kí àbúrò yín dúró fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá padà lọ gbé e tọ́kàn bá ti balẹ̀.

DúróTỌkọ̀:
Ó dáa bẹ́ẹ̀, màmá. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ yẹn, mo fara mọ́ ọn. Kí wọ́n ṣáà fi rádíò kékeré dání, kí wọ́n sì ti fẹnu kò sórí ikanni kan kí wọ́n tó pínyà, ikanni 16 ni fún pípe ara ẹni àti fún ewu, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ara yín kẹ́ ẹ bọ́ sórí òmíràn. Rádíò ọwọ́ ò lè la òkè kọjá o. Tẹ́ ò bá rí ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ.

Atẹ́gùnỌ̀sán:
Ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè tó bi nípa ìgbà tó yẹ kí wọ́n padà, mo sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ tètè lọ, ẹ tètè padà. Bí oòrùn bá ti ń ràn, ilẹ̀ máa ń gbóná kíá ju omi lọ, afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ á gbóná á gòkè, afẹ́fẹ́ tútù tó wà lórí òkun á wá ya wọlé láti dípò ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àárọ̀ fi máa ń dákẹ́ bí omi inú abọ́ tó bá wá di nǹkan bí ọ̀sán atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti òkun wá, á máa le sí i títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó rọ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá dákọ̀ró sí tí ẹnu ẹ̀ kọjú sí òkun, afẹ́fẹ́ yẹn á máa ti ọkọ̀ yín sápá ilẹ̀, ìgbì kéékèèké á máa lu ọkọ̀ rọ́bà lójú tẹ́ ẹ bá ń padà, pẹ̀lú ọmọ nínú ẹ̀. Ẹ kúrò nínú ọkọ̀ ní aago méje àárọ̀, kẹ́ ẹ ti padà kó tó di aago kan. Tẹ́ ẹ bá sì ríi pé ó ti bá yín níbẹ̀, ẹ dúró di ìgbà tó bá rọ̀, ẹ má fipá gba àárín ẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì dání bó tilẹ̀ jẹ́ àárọ̀ lẹ lọ, kẹ́ ẹ sì tan iná funfun orí òpó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹlòmíì tó bá wọlé lálẹ́ lè rí i, kẹ́ ẹ̀yin náà lè rí ilé yín.

ÀsíáYẹ́lò:
Ìbéèrè kan péré: ṣé orílẹ̀-èdè mìíràn ni ibẹ̀ sí ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rárá kẹ́ ẹ tó lọ síbi tí ìmígíréṣọ̀n àti kọ́sítọ́ọ̀mù wà. Ẹ ta àsíá yẹ́lò sókè, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ara gbogbo yín le tẹ́ ẹ sì ń tọrọ àyè láti wọlé. Bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó, òfin wọn ò sùn.

AtukọTuntun:
Rárá o, orílẹ̀-èdè kan náà ni, a ti ṣe ìwé wa tán níbi táa kọ́kọ́ dé. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rán wa létí.

Alágbàtọ́Ọmọ:
Nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ dúró sẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kẹ́ ẹ kà á. Ìgbì kì í wá bákan náà, àwọn ńlá á tẹ̀lé ara wọn wá, omi á wá rọlẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó bá rọlẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ sáré wọlé, kẹ́ ẹ gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè kó má gbá ilẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má ṣe dúró sí àárín ọkọ̀ àti etíkun. Ìgbì kan ṣoṣo lè gbé ọkọ̀ yẹn lu èèyàn lórúnkún tàbí kó gùn ún mọ́lẹ̀. Ọmọ máa wọ life jacket ẹ̀ kó tó kúrò nínú ọkọ̀ ńlá, kò ní bọ́ ọ títí tẹ́ ẹ fi kọjá ìlà koríko yẹn. Ẹni tó ń wakọ̀ náà gbọ́dọ̀ so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀, torí tó bá já sómi tí ẹ́ńjìnnì ò kú, ọkọ̀ á máa yí po, abẹ ìdí ẹ̀ ò sì mojú ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀, ẹ wo ibi tí ìgbì ti ń fọ́ àti ibi tí kì í ti fọ́. Ibi tó dákẹ́ láàárín ibi méjì tí ìgbì ti ń fọ́ ló máa ń wu ojú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni omi ti máa ń ṣàn padà sínú òkun, ó lè gbé àgbàlagbà. Tó bá gbé èèyàn, kó má bá a jà, kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́bàá etíkun títí á fi bọ́ nínú ẹ̀, kó tó wá kọjú sí ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sìOrOmi:
Ẹ wọ bàtà sínú omi, gbogbo yín. Ẹja pẹlẹbẹ kan wà tó ní ẹ̀gún nírù, abẹ́ iyanrìn ló máa ń sùn sí nínú omi tí kò jìn. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ sókè gbé e kalẹ̀, ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, á gbọ́ yín, á kúrò lọ́nà. Tó bá ta èèyàn, omi gbígbóná ni, kó gbóná dé ibi tí ara lè gbà á láìbó, ẹni tí ò farapa ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ ti ẹsẹ̀ náà bọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ìrora á rọlẹ̀, kẹ́ ẹ wá wá dókítà torí ẹ̀gún lè ṣẹ́ sínú. Tó bá jẹ́ àyà tàbí ikùn ló ta, ẹ má fa ẹ̀gún náà yọ, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, fláásì omi gbígbóná kan nínú ẹrù yín.

Ilẹ̀ máa mì lójú yín o, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù ba ọmọ. Ọpọlọ ti mọ́ra pẹ̀lú mímì ọkọ̀, ilẹ̀ tó dúró á wá dà bíi pé òun ló ń mì. Kó jókòó, kó wo ọ̀ọ́kán, ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ tún gbé fìlà, omi mímu àti aṣọ apá gígùn dání.

Kẹ́ẹ̀gìMéjì:
Tí odò bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ sì fẹ́ pọnmi, ẹ ṣírò wíwúwo ẹ̀. Lítà 1 jẹ́ kílò 1, kẹ́ẹ̀gì lítà 20 mẹ́ta jẹ́ kílò 60, àgbàlagbà kan gbáko lẹ tún gbé sínú ọkọ̀ rọ́bà yẹn. Ẹ gbé e ní ìrìnàjò ọ̀tọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ọmọ. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sè é kẹ́ ẹ tó mu ún. Ẹ jọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ibi tó dákẹ́ kò ní ẹni tó ń kó o. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀, ẹ má sun ún, ẹ kó ọ̀rá àti ike yín padà. Sínú òkun náà ńkọ́, òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL ti ka jíju ike sómi léèwọ̀ láti ìparí ọdún 1988, ọkọ̀ kékeré náà wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí ipa ẹsẹ̀ ìjàpá òkun tó gòkè wá yé ẹyin, ẹ gba ibòmíì kọjá, ẹ má tan iná síbẹ̀ lálẹ́.

ÌyáÌgbòkun:
Ohun kan ló kù. Ẹ má kó iṣẹ́ mẹ́wàá jọ fún ọjọ́ kan yẹn. Mo ti rí àwọn tó fọ aṣọ, pọnmi, tún ìgbòkun rán, gun òkè, tí ọjọ́ fi parí tí wọn ò jókòó. Ẹ mú iṣẹ́ kan, ẹ ṣe é kí oòrùn tó mú, ìyókù ti ọmọ ni.

AtukọTuntun:
A ti padà sínú ọkọ̀ o, mo ní kí n tètè jábọ̀ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ. A ṣe bí màmá ṣe wí, ìrọ̀lẹ́ la wọlé, omi mítà 5, a tú mítà 40. Ẹ̀ẹ̀kíní táa fà á, ṣéènì gbọ̀n lọ́wọ́ ìyàwó mi, a tún un jù, ìgbà kejì ó le gírí. Aago méje kọjá díẹ̀ la kúrò, àbúrò mi dúró, nígbà tó di aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ó pè wá lórí rádíò pé igi àti òkúta wa ṣì wà lójú kan, mo lọ gbé e.

Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó jókòó. Ó ní “Dádì, ó ń mì.” Mo ní kó wo ọ̀ọ́kán bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, nígbà tó yá ó dìde ó sáré lọ ó sáré bọ̀ títí mi ò fi lè kà á mọ́. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn iyanrìn, omi ẹ̀ tutù gan-an, ìyàwó mi fi fọ orí ọmọ, iyọ̀ ọjọ́ 11 tán lára irun yẹn, òun náà wá ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó dákẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, mo fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo táa ṣe ni omi pípọn.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, mo rí i tí ọkọ̀ yí imú ẹ̀ sójú òkun, atẹ́gùn ti dé nìyẹn. Igi kúrò níwájú òkúta, àyà mi já, ṣùgbọ́n ó yí tán ó dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́. A kó ẹrù. Omi ta sí wa lára díẹ̀ nígbà táa ń padà ṣùgbọ́n ọmọ ti sùn lọ nínú life jacket ẹ̀ káa tó dé.

Ohun kan ni mi ò mọ̀: nígbà táa dé, a bá omi nísàlẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ pákó, kò ju bíi lítà méjì lọ, kò sí níbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló lè fà á?

DúróTỌkọ̀:
Ẹ tọ́ ọ wò lórí ahọ́n. Tó bá níyọ̀, láti ìta ló ti wọlé, ẹ wo gbogbo ihò tó la ara ọkọ̀ wọ omi, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti síńkì, ti ẹ́ńjìnnì, lọ́jọ́ mìíràn kẹ́ ẹ ti fáàfù wọn pátá kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lánàá. Tí kò bá níyọ̀, táǹkì omi yín ló ń jò. Ẹ má ta ìgbòkun kẹ́ ẹ tó mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

AtukọTuntun:
Kò níyọ̀. Páìpù táǹkì ló tú níbi tí wọ́n ti dè é, àbúrò mi ti dè é padà, a gbẹ omi ibẹ̀, a sì dúró wákàtí méjì, kò jò mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la la máa fa ìdákọ̀ró. Ọmọ ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ ibòmíì tó dákẹ́ báyìí lójú ọ̀nà.